Méje Lọ́nà Mẹ́jọ Lórí Bẹ́ẹ̀dì Síkáànù

Ẹni tó bá rò pé aboyún nìkan ló ń ṣe síkáànù, kó wá jókòó tì mí fún ọjọ́ kan péré ní ilé àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òkè-Ìlèwó. Àwọn ọkùnrin tó ti sá fún mi lẹ́nu ọ̀nà kò lóǹkà. Wọ́n á yọjú, wọ́n á rí aboyún mẹ́jọ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n á ní àwọn ti ṣi ilé yà. Màá ní, "Bàbá, ẹ wọlé jàre, kíndìnrín yín la fẹ́ wò, a ò ní bá ọmọ níbẹ̀." Àwọn aboyún á bú sẹ́rìn-ín, bàbá á sì wọlé, á le ojú koko. Ẹnu mi kò ṣeé dì. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹnu yìí ni yóò lé ọkọ mi sá lọ́jọ́ kan, àmọ́ ọkọ mi ṣì wà nílé, ó ń jẹun.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, nínú òjò ọdún tó kọjá. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń kígbe lẹ́yìn ilé, mo sì ti bá ọmọkùnrin tó ń bá wa tan án jà nítorí pé kò ra epo dè. Inú ń bí mi díẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan wọlé, wọ́n wọ búláòsì funfun tí wọ́n lọ̀ kanrinkanrin, wọ́n sì gbé báàgì dúdú há abíyá. Obìnrin kan tó máa tó ẹni ogójì ọdún tẹ̀ lé wọn, ó di ìgò omi méjì tó ti ṣófo mú. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ìyàwó ọmọ wọn ni. Ìyá yìí ń rìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n tẹ̀ sí apá ọ̀tún, wọ́n sì fi ọwọ́ gbá ìsàlẹ̀ ikùn mú bí ìgbà tí èèyàn bá so owó mọ́ ìdí ìró tí kò fẹ́ kó já bọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn aboyún, ọmọ tí ẹ̀fẹ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ kú ìnira o. Oṣù mélòó ni tiyín?"

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí tí mo bí gbẹ̀yìn ti ń fi dáì pa ewú."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò gbé orí sókè, ìwé ọwọ́ mi ni mò ń kọ. Mo na ọwọ́ síwájú, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé dókítà. Ìwé kò dé ọwọ́ mi. Ohùn kan ló dé etí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbé orí sókè."

Orí mi ti gòkè kí n tó mọ̀.

"Méje lọ́nà mẹ́jọ?"

Ọlọ́run ló ń gbọ́ mi, mi ò ronú rárá. Ẹnu mi ló dá dáhùn. Mo ní, "Mẹ́rìnléláàádọ́ta!"

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ojú náà nìyẹn, àṣìṣe náà nìyẹn."

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ báyìí, tèmi ti ìgò òróró síkáànù lọ́wọ́, níwájú àwọn aboyún tó mọ̀ mí sí ọ̀gá. Àwọn tí mo ti ń pariwo mọ́ láti àárọ̀ ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, ojú sì tì mí pọ̀. Ọ̀gá wa obìnrin ni, olórí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Pápáláńtò. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti rí wọn gbẹ̀yìn.

Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ńtì nígbà náà, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé Pápáláńtò. Eruku funfun á bo òrùlé, á bo ewé máńgòrò, á tún bo irun àwa ọmọ iléèwé, ọ̀gá wa obìnrin á sì dúró lẹ́nu géètì láàárọ̀, wọ́n á máa gbọn eruku kúrò lórí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn fúnra wọn ló ń kọ́ wa ní ìṣirò, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ́ wa, wọ́n ní ọmọ tí kò bá lè ṣírò ní èdè ìyá rẹ̀, ìtàn ló ń pa ní èdè òyìnbó. Mo mọ gbogbo rẹ̀ àfi ìlà kan. Méje lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni, àmọ́ nítorí pé mẹ́rin wà níbẹ̀, ẹnu mi á máa sáré lọ sí mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ẹgba mẹ́ta ni fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ ẹgba yẹn títí mo fi kúrò ní iléèwé náà, mi ò sì mọ ọ́n títí dòní, bí gbogbo ayé ti rí i.

Ohun kejì tí a mọ̀ mọ́ wọn ni pé wọn kì í ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: wọn kì í gbà pé àwọn ń ṣàìsàn. Mo rántí ọjọ́ tí ẹsẹ̀ wọn yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí orúnkún wọn bó yánnayànna, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọnú bàtà. Gbogbo wa kígbe, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà!" Wọ́n ní, "Ara le, a dúpẹ́," wọ́n sì wọ kíláàsì lọ kọ́ wa ní ìṣirò ìdá. Bí ibà bá dé, wọ́n á wọ súwẹ́tà nínú ooru, wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa kọ́ wa. Bí ọmọ kan bá sọ pé òun ń ṣàìsàn, wọ́n á ní, "Má fi ẹnu rẹ pè é. Sọ pé ara rẹ ń le bọ̀." A kì í pe àìsàn lórúkọ, kó má baà jẹ́ wa. Gbogbo wa la mọ àṣà yẹn nílé wa, ṣùgbọ́n ti ọ̀gá wa obìnrin ti di òfin.

Nígbà tó kan wọn, mo mú wọn wọ yàrá inú, mo ka ìwé dókítà. Ọ̀dọ́ ló kọ ọ́, mo mọ ọwọ́ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Ó kọ ọ́ pé ìyá yìí kò lè jẹun láti ọjọ́ méjì, pé ara wọn gbóná díẹ̀, pé inú ń rìn wọ́n. Ó wá kọ ọ́ pé òun tẹ ikùn wọn, kò sì dùn wọ́n níbì kankan. Ó ní kí n bá òun wo ilé ọmọ àti ilé ìtọ̀. Nítorí ilé ìtọ̀ yẹn ni wọ́n fi ní kí wọ́n mu omi kún inú, tí ìyàwó ọmọ wọn fi gbé ìgò dání.

Mo bi ìyàwó, mo ní, "Báwo ni dókítà ṣe mọ̀ pé kò dùn wọ́n?"

Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, "Dókítà ní, 'Màmá, ṣé ó ń dùn yín níbí?' Màmá ní, 'Ara le, a dúpẹ́.' Dókítà bá kọ ọ́ sílẹ̀."

Họ́wù! Mo fẹ́ fi ìwé náà lu orí ara mi. Ọmọ yẹn lọ sí yunifásítì, ó gba oyè, kò sì mọ̀ pé ìyá Ẹ̀gbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bí ilé bá wó lé e lórí, á ní ara le!

Ìyàwó tún sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, láti Ọdẹ́dà tí a ti wọ takisí, gbogbo kòtò tí ọkọ̀ bá kó sí, Màmá á ní 'Jésù!' A kó sí kòtò tó pọ̀."

Màmá gbọ́. Wọ́n ní, "Awakọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún. Kò mọ ọkọ̀ wà."

Mo gbé ìwé dókítà sílẹ̀. Ẹni tí ikùn rẹ̀ bá dùn nígbà tí ọkọ̀ bá fò, ohun kan ti wú nínú ikùn náà, ìfarakanra kékeré ló ń dùn ún yẹn. Ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni apẹ́ńdíìsì. Bí ìrù kékeré ló rí, ó so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, nísàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, kò sì gùn ju ìka lọ. Bó bá dákẹ́ jẹ́jẹ́, èèyàn lè lo ayé rẹ̀ tán láìmọ̀ pé òun ní in. Bó bá wú tó sì bẹ́, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á tú sínú ikùn. Ọ̀dọ́ pàápàá ń ti ibẹ̀ kú, ká má tíì sọ ìyá tó ti dàgbà báyìí. Bí mo bá rí i kó tó bẹ́, wọ́n á gé e kúrò, Màmá á sì yè. Bí mi ò bá rí i, ìwé yìí á padà sí ọwọ́ dókítà pé kò sí nǹkan kan, wọ́n á fún wọn ní oògùn inú kíkún, Màmá á sì padà sí Ọdẹ́dà gba orí àwọn kòtò yẹn.

Mo ní kí Màmá kọ́kọ́ lọ tọ̀, nítorí ilé ìtọ̀ tó kún yẹn kò ní jẹ́ kí n tẹ ikùn bó ṣe yẹ. Ìyẹn dùn mọ́ wọn. Ohun tó kàn ni wàhálà, pé kí wọ́n ká aṣọ sókè. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣí ikùn fún ọmọ tí àwọn nà ní ẹgba. Mo bẹ̀, ìyàwó bẹ̀. Níkẹyìn wọ́n gbà kí ìyàwó na ìró bí kọ́tìnnì láàárín ojú mi àti ikùn wọn, kí n máa ti ọwọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, kí n sì kọjú sí ẹ̀rọ. Wọ́n ní, "Ojú rẹ wà fún tẹlifíṣọ̀n yẹn. Wò ó."

Mo wò ó. Ẹ̀dọ̀ dára. Òróòro dára. Kíndìnrín méjèèjì dára ju tèmi lọ. Ilé ọmọ ti sùn, ó ti fẹ̀yìn tì bí ẹni tó ni ín. Mo dé apá ìsàlẹ̀ lọ́tùn-ún, kìkì afẹ́fẹ́ ìfun ni mo rí, funfun báláú lójú ẹ̀rọ bí eruku Pápáláńtò. Ẹ̀rọ síkáànù, ìró tí etí kò lè gbọ́ ló ń rán wọlé tó sì ń gbà padà, ìró yẹn kò sì lè la afẹ́fẹ́ kọjá. Ọgbọ́n tí a ń dá ni pé a ó máa tẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ó máa fi ẹ̀sọ̀ ti afẹ́fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, títí a ó fi rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìfun tó dá ṣáṣá á tẹ̀ pẹlẹbẹ lábẹ́ ọwọ́ wa. Apẹ́ńdíìsì tó ti wú kì í tẹ̀, ńṣe ló máa ń le. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò rí síkáànù rí, àmọ́ iṣẹ́ wa ni wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n ibo ni kí n tẹ̀? Nǹkan yìí kì í jókòó sójú kan. Ó lè sá sẹ́yìn ìfun, ó lè rọ̀ wá sísàlẹ̀ ìdí. Ìdí nìyẹn tí ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa fi jẹ́ pé kí aláìsàn na ìka kan ṣoṣo, kó fi ojú ibi tó ń dùn ún gan-an hàn wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, abẹ́ ìka yẹn náà ni.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan fi ibi tó ń dùn yín hàn mí."

"Ara le, a dúpẹ́."

"Màmá, ṣé ibí ni?"

"Ọlọ́run ń ṣe é."

"Ṣé ọ̀hún ni?"

"Ògo ni fún Ọlọ́run."

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ, àmọ́ mo kígbe. Mo ní, "Màmá! Ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ àdúrà! Àwòrán ló ń yà! Bí ẹ ò bá sọ fún mi, ẹ ó kú sí mi lọ́wọ́!"

Ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ìró já bọ́. Màmá rọra yí ojú sí mi, wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó ya ìwé. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kí wọ́n má bínú. Ojú wọn kò fi nǹkan kan hàn, kò jọ pé wọ́n ń jẹ̀rora, kò jọ pé ara tù wọ́n. Aláìsàn mìíràn, bí mo bá tẹ ibi tó ń dùn ún, ojú rẹ̀ á rọ́, á yí ẹnu, màá sì mọ̀. Ti Màmá, odi ni. Ogójì ọdún ni wọ́n fi mọ odi yẹn níwájú àwa ọmọ.

Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ni ọgbọ́n náà ti bá mi. Ta ló mọ̀ bóyá ẹgba àtijọ́ ló ṣiṣẹ́.

Mo dìde. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìlà méje. Ojú ti mí lónìí níwájú àwọn aboyún yẹn, mo fẹ́ tún un kọ́."

Inú wọn yọ́ díẹ̀. Olùkọ́ ni olùkọ́ ń jẹ́. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀, ohùn wọn lọ geere bíi ti àtijọ́: "Méje lọ́nà kan, méje. Méje lọ́nà méjì, mẹ́rìnlá."

Mo gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí apá òsì, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. "Méje lọ́nà mẹ́ta, mọ́kànlélógún." Ohùn kò yẹ̀. Mo sún un sí àárín. "Méje lọ́nà mẹ́rin, méjìdínlọ́gbọ̀n." Mo sún un sábẹ́ ìdodo. "Méje lọ́nà márùn-ún, márùndínlógójì." Mo lọ sókè lọ́tùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́. "Méje lọ́nà mẹ́fà, méjìlélógójì." Mo ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ní apá ọ̀tún náà, mo ń ti afẹ́fẹ́ síwájú bí ẹni ń gbálẹ̀. "Méje lọ́nà méje, mọ́kàndínláàádọ́ta." Ohùn ti wálẹ̀ díẹ̀. Mo sún un wá ní ìwọ̀n ìka méjì péré, mo tẹ̀ ẹ́.

"Méje lọ́nà mẹ́jọ."

Wọ́n dákẹ́. Mo dúró. Jẹnẹrétọ̀ ń kígbe lẹ́yìn ilé.

"Méje lọ́nà mẹ́jọ, mẹ́rìnléláàádọ́ta."

Mi ò gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Orí ni mo yí, mo wo ojú wọn. Odi náà wà níbẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ omi kan ti yọ ní ìkángun ojú wọn, ó ń ṣàn lọ sí etí. Mo yí ojú padà sí ẹ̀rọ. Afẹ́fẹ́ ti yẹra. Ó wà níbẹ̀ gbọnrangandan, ó yi bí ìka tó wú, ìdí rẹ̀ kan kò ní ojú ìjáde, ọ̀rá tó yí i ká ti funfun. Mo tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀. Mo ya àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo wọn ìbú rẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ kúrò kíákíá. Inú mi dùn bí ẹni tó rí ohun tó sọnù, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Mo pe dókítà kékeré náà lórí fóònù. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, mo sọ ìgbà tí wọ́n jẹun kẹ́yìn, mo sọ iye omi tí wọ́n mu. Mo tún bú u díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, pé àwọn á ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà.

Màmá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń tún búláòsì ṣe. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ abẹ wo? Èmi ni màá ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Kí wọ́n fún mi lóògùn, kí n máa lọ ilé. Ta ló sọ fún yín pé ó ń dùn mí?"

Ìyàwó ń pe ọkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, fóònù kò lọ. Ó wò mí bí ẹni tó ń rì sínú odò. Kò sí ẹni tó lè fi agbára gbé obìnrin yìí, àwọn fúnra wọn ni yóò sì fọwọ́ sí ìwé.

Mo fa àga, mo jókòó níwájú wọn. Mi ò kígbe lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi, Màmá. Ẹ nà mí lẹ́gba mẹ́ta-mẹ́ta fún ọdún mẹ́rin nítorí ìlà yẹn. Ẹ ò ṣì í rí. Ẹ ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà, ẹ ò ṣì í. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú bàtà, ẹ ò ṣì í. Kí ló mú yín ṣì í lónìí?"

Wọ́n wo ìró tó wà lórí ẹsẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ni yóò wá ka Bíbélì?"

"Èmi ni màá kà á."

"Ìwọ? Mẹ́tódíìsì ni ìwọ."

"Màmá, Bíbélì kan náà ni."

"Kà á sókè. Má sì sáré." Wọ́n mú báàgì. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n yíjú padà. "Ohun tí mo pè lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kò gbọdọ̀ dé etí àwọn aboyún."

Kò dé etí wọn. Ọkọ̀ tèmi ni mo fi gbé wọn lọ, mo yẹra fún gbogbo kòtò, àwọn ọlọ́kadà sì bú mi títí. Kí òòrùn tó wọ̀, dókítà pè mí. Ó ní wọ́n ti gé e, pé ó kù díẹ̀ báyìí kó bẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo ní kó má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi àgbà ní ọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo ka Bíbélì ní Ọdẹ́dà. Mo kà á sókè, mi ò sáré. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ yí mi ká, "Màmá wa ń kọ́?" Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi: "Ara wọn le, a dúpẹ́." Mo fẹ́ gbá ara mi létí. Wọ́n ní àwọn ń bá mi lọ kí wọn, wọ́n sì kún ọkọ̀ méjì.

Màmá fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, wọ́n de gèlè kékeré lórí aṣọ ilé ìwòsàn. "Ẹ kú ewu o, Màmá! Ṣé ara ti le?" "Ara le, a dúpẹ́." Wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè oko, wọ́n bi ẹnì kan ìdí tí kò fi wá sí ìdánrawò orin. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín lọ sílé. Nígbà tí ó ku èmi àti ìyàwó, mo wo ìwé tó wà ní ìdí bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́rú ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń kọ ọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, ohun kan náà: kò dùn wọ́n. Nítorí náà, wọn kò fún wọn ní oògùn ìrora láti ọjọ́rú. Mo wo Màmá. Ọwọ́ wọn méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí.

Mo fẹ́ kígbe. Ìyàwó rí i lójú mi, ó di ọwọ́ mi mú. Mo bá jókòó, mo rọra sọ ọ́.

"Màmá. Méje lọ́nà mẹ́jọ?"

Wọ́n wo ẹnu ilẹ̀kùn, bóyá ọmọ ìjọ kan kù síbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan, àfi nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan tó ń kó àwo.

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta," ni Màmá wí.

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà, Màmá! Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni o!"

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bírò. Ó ń dùn wọ́n."

Nọ́ọ̀sì wò mí, ó wo Màmá, kò mọ ẹni tí òun máa gbà gbọ́. Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Màmá, ṣé lóòótọ́ ni? Níbo?"

Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n tú ọwọ́ ọ̀tún kúrò létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n na ìka kan ṣoṣo, wọ́n gbé e lé ikùn lórí aṣọ.

"Ibí yìí, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ó ń dùn mí."